Omi Kò Gbẹ, Ilé Ló Ṣá: Àlàyé lórí Ilé Ìtura Ìkógòsì

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilé ìtura lè máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́, tí a fi ìlù àti fèrè ṣí, tí a sì wá fi sílẹ̀ fún igbó, ìtàn ni òun náà. Ó ní àwọn ẹ̀dá ìtàn, ó ní àhunpọ̀, ó sì ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé, kí ni ó máa ń pa ilé tí a kọ́ nítorí omi?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkè òkun. Ní Wisconsin Dells ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù yìnyín ti ń lé àlejò lọ fún oṣù púpọ̀ lọ́dún, àwọn onílé ìtura bẹ̀rẹ̀ sí í gbé odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti gbogbo ohun ìṣeré inú omi wọ abẹ́ òrùlé ní àwọn ọdún 1990. Òwò náà gbèrú, ó sì tàn kálẹ̀. Àmọ́ ilé bẹ́ẹ̀ kì í sinmi. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ń di oru, oru náà ń gòkè lọ bá àjà, ó sì ń padà di omi níbẹ̀. Kulorínì tí a fi ń pa kòkòrò inú omi ń bá oru gòkè, irin ni ó sì ń jẹ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ tí ń fa oru jáde bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò rọrùn. Bí owó iná bá tán, tí ẹ̀rọ dákẹ́, ògiri a bẹ̀rẹ̀ sí í hu olú, irin a sì dípẹtà. Ilé tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Ní Uster, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1985, àjà kọnkéré ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan já lu àwọn tí ń wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ènìyàn 12 ni ó kú. Ọdún 13 péré ni a ti ń lo ilé náà. Kulorínì ti jẹ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbé àjà náà dúró, ojú kò sì tètè rí i.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò sọ pé ọ̀ràn owó ni: iná wọ́n, ooru wọ́n, bí onílé kò bá lè san án mọ́, ilé yóò kú. Èmi náà ìbá gbà bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Ìkógòsì tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì wa níbí.

Ní Ìkógòsì, ẹnikẹ́ni kò fi igi tàbí epo gbóná omi. Òjò tí ó wọ inú ilẹ̀ lọ láti ojú àwọn òkúta tí ó sán ni ó ń rìn jìn sí ìsàlẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti gbóná, kí ó tó padà jáde ní ẹsẹ̀ òkè. Omi tútù sì ń bọ̀ láti ìhà kejì, àwọn méjèèjì a pàdé, wọn a jọ máa ṣàn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé orogún méjì ni wọ́n, ọ̀kan onínú líle, èkejì oníwà tútù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó ni ó ń sọ pé omi gbígbóná náà tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n Rogers, Imevbore àti Adegoke, tí wọ́n kọ̀wé lé e lórí ní ọdún 1969, nǹkan bí 38 ni iye tí wọ́n kọ sílẹ̀. N kò rí ìdí tí a fi ń bu iyọ̀ sí i. Ta ni yóò wẹ omi tí ó tó 70? Èyí tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn ni ó yẹ kí á fi yangàn.

Síbẹ̀, ilé tí a kọ́ sí ìdí omi ọ̀fẹ́ yìí ṣá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni John McGee, òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, mú kí ayé púpọ̀ sí i mọ ibẹ̀, ìjọ rẹ̀ sì ní àgọ́ níbẹ̀. Ìjọba gbà á, ó kọ́ ilé àlejò. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọdún 1996, ó di ogún tiwa. Ó ṣá kí ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí (2010 sí 2014) tó tún un ṣe. Ní àkókò náà ni a ń kó àwọn tí ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé jọ síbẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà ìsinmi, wọ́n ń jíròrò iṣẹ́ wọn níwájú àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe níbẹ̀, èyí ni mo ka sí jù. Ìjọba yí padà, ilé tún ṣá. Ìgbà tí Fáyẹmí padà dé láàárín ọdún 2018 sí 2022 ni a fi í sí ọwọ́ aládàáni, tí ó tún un kọ́, tí ó sì ṣí i.

Ẹ kíyè sí bí àhunpọ̀ ìtàn náà ti rí: ṣíṣí, ṣíṣá, ṣíṣí, ṣíṣá. Gbogbo ìjọba ni ó fẹ́ràn ọjọ́ ṣíṣí, nítorí orúkọ ẹni máa ń wà lára òkúta ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ páìpù ní ọdún kẹfà kò ní òkúta kankan.

Ẹ wá fi èyí wé Ọlọ́sùnta ní Ìkéré. Kò sí ilé ìtura lórí òkè náà, kò sì sí ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni ọdún rẹ̀ ń pé, àwọn ọmọ Ìkéré a sì wálé láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀ṣun Òṣogbo náà rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2005 ni UNESCO kọ igbó rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé, àmọ́ ó ti pẹ́ kí ìyẹn tó dé tí arugbá ti ń gbé igbá lọ sí odò. A kì í mú arugbá gba inú igbó tí ó dí. Ọjọ́ tí ó ń bọ̀ ni ó ń mú kí a ro ọ̀nà, kí a tún ojúbo ṣe, yálà ọba tuntun ni ó wà lórí oyè tàbí ti àtijọ́. Ìkógòsì ní omi, ó ní ìtàn orogún, ó ní yàrá àti bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ìjọba kò fún un ni ọjọ́ kan nínú ọdún tí a kò gbọdọ̀ má wá.

Ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ìbá di irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa yan ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún, kí a máa gbé àpérò lítíréṣọ̀ wa lọ síbẹ̀, kí a san owó yàrá wa bí àlejò gbogbo, kí á sì pe àwọn àgbà Ìkógòsì kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn omi méjèèjì fún wa, kí a gbà á sílẹ̀. Mo ti fi ìwé ìdábàá náà sí ọwọ́ akọ̀wé ẹ̀ka.