Àwòrán tí Ojú Kò Rí, tí Àpò Rí

Ẹ̀yin ọlọ́jà àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ní ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí: àwọn kan ń pàtẹ aṣọ níbẹ̀, àwọn mìíràn ń kó ẹ̀kọ́ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ. Inú wa a máa dùn bí oníbàárà bá tẹ àwòrán kan tí òmíràn sì yọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sanwó ìyára náà?

Ní 1993 ni Marc Andreessen, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe Mosaic, dábàá àmì tí a fi ń gbé àwòrán sáàárín ọ̀rọ̀. Nígbà tí èdè JavaScript jáde ní 1995, kò pẹ́ tí àwọn tí ń ṣe ojú ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán dárà: bí ọfà orí kọ̀ǹpútà bá kan bọ́tìnì, bọ́tìnì á pa àwọ̀ dà. Ṣùgbọ́n bí àwòrán kejì kò bá tíì dé, àyè òfìfo ni ènìyàn yóò máa wò. Nítorí náà ni wọ́n fi pàṣẹ fún búráwúsà, ètò tí ń ṣí ojú ewé fún wa, pé kí ó gbé àwòrán kejì wá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Àwọn kan fi "new Image()" ṣe é. Àwọn mìíràn gbé àwòrán náà sójú ewé, wọ́n sì fi "display:none" bò ó.

Ọgbọ́n yìí dára. Ìyá aláṣọ tí ó mọ ohun tí oníbàárà rẹ̀ fẹ́ràn a máa gbé e jáde láti inú yàrá kí oníbàárà náà tó dé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ohun tí a bò kò wúwo mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá fi "display:none" bo àmì àwòrán lásán, búráwúsà yóò ṣì lọ gbé àwòrán náà wá. Bí ẹ bá da aṣọ bo ẹrù orí alábàárù, owó rẹ̀ kò ní fi kọ́bọ̀ kan dín. Dátà oníbàárà ni owó alábàárù yìí.

Ó yá, ẹ mú gègé. Ká ní àwòrán 12 ni ẹ fi pamọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílóbáìtì 400. Bí ẹni kan bá wo 2 péré, 10 ti di àgbéṣòfò: kílóbáìtì 4,000, ìyẹn mẹ́gábáìtì 4. Bí ènìyàn 200 bá ṣe bẹ́ẹ̀, mẹ́gábáìtì 800 ti ṣòfò. Ẹni tí dátà rẹ̀ kù díẹ̀ lè má tilẹ̀ dé ibi tí ẹ kọ iye owó ọjà sí. Òbí tí ó ra dátà kékeré kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé ńkọ́?

Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ ṣí ojú ewé yín nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, ẹ yan Network, kí ẹ sì tún ojú ewé náà ṣí. Gbogbo ẹrù tí ó wọlé yóò tò síbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, ìbáà pamọ́, ìbáà hàn.

Nítorí náà, ẹ sọ ohun mẹ́ta fún ẹni tí ń bá yín ṣe ojú ewé. Èkíní, kí ó dín ìwọ̀n àwòrán kù, nítorí èyí tí fóònù ìgbàlódé yà lè tó mẹ́gábáìtì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì, àwòrán tí ó dájú pé oníbàárà yóò wò nìkan ni kí ó gbé wá ṣáájú; àṣẹ rel="preload", tí Chrome ti ń gbọ́ láti 2016, wà fún irú èyí. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ loading="lazy" sára àwọn àwòrán ìsàlẹ̀, kí wọ́n má ṣe wá títí oníbàárà yóò fi sún mọ́ wọn. Chrome ti mọ àṣẹ yìí láti 2019.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ má ṣe di ẹrù ilé ìtajà odindi ru ẹni tí ó wá ra ìgàn aṣọ kan.