Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá Tòkunbọ̀ àti Linux: Àlàyé fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun ní Mowe, Ibafo àti Ifo

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹyìn gbogboogbò fún Windows 10 dúró. Ọ̀rọ̀ náà lè dàbí ọ̀rọ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ó kan Mowe àti Ibafo tí wọ́n wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó sì kan Ifo tí ó wà lọ́nà Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè wọ̀nyí ní agbára láti rà kò ju tòkunbọ̀ lọ, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti dàgbà ju èyí tí Windows 11 ń gbà lọ. Ẹni tí ó fi owó àjọ ra ẹ̀rọ kò lè tìtorí èyí jù ú sí ààtàn. Linux ni ó lè fi kún ọjọ́ ayé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Linux jẹ́

Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ni ó gbé Linux jáde ní ọdún 1991. Linux gan-an ni ọkàn ètò tí ń darí ẹ̀rọ. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi ara wọ ọkàn náà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Inú èdè Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí Yorùbá ń pè ní ọmọlúàbí. Láti ara Ubuntu ni Linux Mint ti jáde ní ọdún 2006. Mint ni ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jù, nítorí pé ojú rẹ̀ jọ Windows, ẹ̀rọ tí ó ní gígábáìtì 2 péré ní ìrántí sì lè gbé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 ni ó dára jù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Kò pọn dandan kí ènìyàn kọ́kọ́ pa Windows rẹ́. Bí wọ́n bá kọ Mint sórí fláàṣì, ẹ̀rọ lè tinú fláàṣì náà ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wọ aṣọ wò lọ́dọ̀ aránṣọ kí ó tó sanwó. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti gbé e sínú ẹ̀rọ ni ewu dé. Ẹni tí ó bá yan pípa gbogbo ohun inú dísìkì rẹ́ láìkọ́kọ́ ṣe àdàkọ iṣẹ́ rẹ̀ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Kí bátìrì kún dáadáa pẹ̀lú, nítorí iná tí ó bá lọ láàárín iṣẹ́ náà lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Orin àti fíìmù

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Wọn a tẹ orin, kò ní dún, wọn a ní Linux kò dára. Ọ̀rọ̀ òfin ni, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe: ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ wà lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún ohùn àti àwòrán pọ̀, àwọn tí ń ṣe Linux lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì fẹ́ ṣẹ̀. Ti MP3 kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n ó ku àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá ń gbé Mint sínú ẹ̀rọ, àpótí kékeré kan yóò béèrè bóyá kí ó fi irinṣẹ́ orin àti fíìmù kún un. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí i.

Lẹ́yìn náà, kí ó gba VLC. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1996; irinṣẹ́ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó ṣì ní fíìmù àgbéléwò Yorùbá lórí VCD nílé, nítorí ó lè ka àwọn fáìlì DAT inú fódà MPEGAV tí ètò mìíràn kì í dá mọ̀.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Fláàṣì tí ó ti ibi ìtẹ̀wé bọ̀ máa ń kó àrùn. Kòkòrò kan wà tí ń fi fódà pamọ́, tí yóò sì fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ki irú fláàṣì bẹ́ẹ̀ bọ Linux, kòkòrò tí wọ́n ṣe fún Windows kò ní lè jí, àwọn fódà tí ó pamọ́ a sì sábà hàn gbangba. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí akẹ́kọ̀ọ́ NCE ti ń sunkún pé ó ti lọ lè wà níbẹ̀.

LibreOffice ni wọ́n fi ń tẹ̀wé. Nínú ètò kíbọọ̀dù, lábẹ́ Nàìjíríà, Yorùbá wà pẹ̀lú Igbo àti Hausa, tí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn kò fi ní jẹ́ ìṣòro. Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ lọ tẹ̀, PDF ni kí wọ́n sọ ọ́ dà, kí àmì ohùn má baà di àpótí òfìfo lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn.

Ti dátà, Mint kì í dédé gbé ìmúdójúìwọ̀n wọlé bí ẹni tí ó ni ín kò bá fọwọ́ sí i tàbí kí ó ti yàn án bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Ẹni tí ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó jẹun ní láti ronú dáadáa. CorelDRAW kò ní ẹ̀dà ti Linux lónìí; Inkscape lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kì í fi gbogbo ìgbà ṣí fáìlì CorelDRAW bó ti yẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi Windows àti Mint sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí ó máa yan èyí tí ó bá fẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn.