Aràn Pẹlẹbẹ Tó Ń Pa Ẹja Nínú Basẹ̀ǹ Ilé

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń sin àrọ̀ nínú basẹ̀ǹ simẹ́ǹtì lẹ́yìn ilé la mú wá lónìí.

Ẹni tó ra ọmọ ẹja, tó ra oúnjẹ ẹja, tí ẹja wá ń kú kí ọjọ́ ọjà tó pé, ó mọ bó ṣe ń dun ni. Aràn kékeré kan wà tó máa ń fà á. Pẹlẹbẹ ni, ojú lásán kì í sáábà rí i. Ìkọ́ ìdí rẹ̀ ló fi ń di awọ ẹja mú, tàbí ibi pupa tí ẹja fi ń mí. Aràn àtọ̀sí ajá jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn gbọ́dọ̀ gba ara ìgbín odò kọjá kó tó dé ara èèyàn. Eléyìí kò nílò ìgbín, láti ara ẹja dé ara ẹja ni, kì í sì í mú èèyàn. Ìdí nìyẹn tó fi ń tàn kíákíá níbi tí ẹja bá ti há.

Kí la ó máa wò? Ẹja á máa fi ara ha ògiri, kò ní jẹun dáadáa, ohun tó ń yọ̀ bí ilá á pọ̀ lára rẹ̀. Àrọ̀ a máa gòkè wá mí, ìyẹn kì í ṣe àrùn. Àmọ́ bí gbogbo wọn bá dúró sókè, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Omi tó bàjẹ́ náà lè fà á, torí náà ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi.

Bí kò bá dẹwọ́, ẹ yo iyọ̀ gíráàmù 200 sínú omi lítà 20. Ẹ kó ẹja díẹ̀ sí i, kó má ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ẹ má sì kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ tètè dá a padà sínú omi tó mọ́. Iyọ̀ kì í sáábà pa ẹyin aràn, ẹ tún wò wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Oògùn praziquantel wà, ṣùgbọ́n dókítà ẹran ni kó wọ̀n ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, oògùn tí a ń fín sí òwú kò gbọ́dọ̀ kan basẹ̀ǹ! Májèlé ni fún ẹja àti fún ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Ọmọ ẹja tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí ẹ bá kó ẹja tán, ẹ gbẹ́ omi, ẹ fọ basẹ̀ǹ, kó gbẹ nínú oòrùn.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́: ta ni nínú wa tó ń yá àwọ̀n ẹja lọ́wọ́ aládùúgbò? Ṣé a máa ń fọ̀ ọ́, ká sá a gbẹ, ká tó lò ó? Ẹ jọ jíròrò rẹ̀.