Òórùn Ìjóná Nínú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

A kì í fi iná sórí òrùlé kí a lọ sùn. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí òórùn ìjóná bá ń ti ẹ́ńjìnnì wá, ẹ má ṣe wí pé, "Ẹ jẹ́ kí a délé ná." Ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ jìnnà sí ọkọ̀. Bí èéfín bá ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe ṣí i, nítorí atẹ́gùn a máa mú iná ràn.

Bí kò bá sí èéfín, ẹ jẹ́ kí imú ṣe ìwádìí. Òórùn rọ́bà sábà máa ń fi hàn pé bẹ́líìtì ti dẹ̀, ó sì ń yọ̀: kí a fún un le, tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ọ́ìlì, ó ṣeé ṣe kí ọ́ìlì máa kán sórí irin gbígbóná. Kí a wá ibi tí ó ti ń jò. Bí ó bá jẹ́ ti wáyà, ẹ má ṣe tún tan ọkọ̀ náà títí oníṣẹ́ yóò fi dé. Bí rediétọ̀ bá sì ń hó, ẹ má ṣe ṣí ìdérí rẹ̀ kí ó tó tutù, kí omi gbígbóná má baà tú sí yín lójú.

Ọkọ̀ ṣe é rà. Ẹ̀mí kò ṣe é rà.