Tálákà àti olówó nínú kírẹ́ṣì

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá kù díẹ̀, àwọn ìjọ Kátólíìkì máa ń kọ́ ilé kékeré kan sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn a tẹ́ ère ọmọ ọwọ́ kan sórí koríko gbígbẹ. Wọn a to ère ènìyàn àti ti ẹran yí i ká. Èyí ni àwọn tí ń sọ èdè Faransé ń pè ní kírẹ́ṣì. Bí ẹ bá ti rí i rí, ẹ rántí wò: ta ni ó wọ aṣọ olówó ńlá níbẹ̀? Ta ni kò wọ bàtà?

Ìwé Ìhìnrere méjì ni ó sọ ìtàn ìbí Jésù. Lúùkù ní kò sí àyè fún Màríà àti Jósẹ́fù ní ilé èrò, nítorí náà ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn tí ń ṣọ́ ẹran wọn lóru ni ó wá wò ó. Lúùkù tún sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí Tẹ́ḿpìlì, ọrẹ ẹyẹ méjì ni ó dárúkọ. Òfin àwọn Júù ní kí ìyálọ́mọ mú ọ̀dọ́ àgùntàn wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àgùntàn ni òfin gbà fún pé kí ó mú ẹyẹ méjì wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá owó ìkómọ rí, ọ̀rọ̀ náà yé yín.

Màtíù ni ó sọ ti àwọn amòye tí ó gbé wúrà, tùràrí àti òjíá wá láti ìlà-oòrùn. Kò pè wọ́n ní ọba. Kò sì sọ pé mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn ni ó dé wọn ládé.

Ní 1223, Fransísì ará Assisi ṣe irú nǹkan yìí ní Greccio, ní ilẹ̀ Ítálì. Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni Fransísì, ṣùgbọ́n ó ti fi ọrọ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá koríko, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn fi ojú ara wọn rí ìyà tí ọmọ náà jẹ.

Lẹ́yìn nǹkan bí 500 ọdún, ọ̀rọ̀ ti yí padà ní Naples, ní Ítálì kan náà. Carlos, tí ó jọba níbẹ̀ láti 1734 sí 1759, fẹ́ràn kírẹ́ṣì púpọ̀, àwọn ọlọ́lá sì ń bá a du ú. Wọ́n ń wọ ère ní aṣọ sílíkì. Wọ́n ṣe odindi ọjà: ẹlẹ́ja, ẹlẹ́ran, alágbe tí aṣọ rẹ̀ fàya. Ẹ wò ó! Àkísà ni ó wà lára ère alágbe, ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọnà ni ó rán an, olówó sì ni ó sanwó rẹ̀. Inú ààfin ni alágbe náà ń gbé.

Ní ilẹ̀ Faransé, ní agbègbè Provence, ó rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1789, wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn ń ṣe kírẹ́ṣì nínú ilé wọn. Jean-Louis Lagnel, ará Marseille tí a bí ní 1764, ń tẹ amọ̀ sínú ohun èlò kan láti fi ṣe ère kéékèèké, bí oníbúrẹ́dì ti ń fi agolo kan ṣe búrẹ́dì púpọ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí owó ère náà wọ́n. Ní 1803 ni wọ́n kọ́kọ́ ná ọjà ère wọ̀nyí ní Marseille, wọ́n sì ń ná an títí di òní.

Sántọ̀n ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹni mímọ́ kékeré. Ta ni ẹni mímọ́ kékeré náà? Oníbúrẹ́dì ni, àti ẹni tí ń pọ́n ọ̀bẹ, àti ìyá arúgbó tí ó ru igi ìdáná. Kálukú gbé ohun tí ó ní wá. Àwọn ọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú wúrà wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 6 oṣù January ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Àwọn ará abúlé ti débẹ̀ ṣáájú wọn.

Ẹnì kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Ravi. Kò gbé búrẹ́dì, kò gbé ẹja, kò ru igi. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wo ọmọ náà.