Bí Ibà Bá Ń Da Ọkàn Rú

Ọ̀rọ̀ aboyún àti àgbàlagbà ilé wa ni mo mú wá, pàápàá fún àwọn ará wa tó ń gbé Turin, Padua àti Milan.

Bí ibà bá mú àgbàlagbà, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kíá làwọn ènìyàn wa ń sọ pé iṣẹ́ ayé ni. Èmi náà ń dífá, mo mọ̀ pé ayé wà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ onítọ̀hún.

Camillo Golgi ló kọ́kọ́ pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láró dúdú ní 1873, ní Abbiategrasso lẹ́bàá Milan, tí ojú fi rí ẹ̀ka wọn. Ó rò pé gbogbo wọn so pọ̀ bí àwọ̀n. Cajal ará Spéìn ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, ṣùgbọ́n Cajal ló jàre. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn, tí àwọn dókítà ń pè ní synapse. Oríta ni, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán ń gbà kọjá. Ẹ̀yin ọmọ Èṣù, mi ò ní í kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ oríta.

Bí àrùn bá wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara a máa rán ìránṣẹ́ tí à ń pè ní cytokine. Àwọn ló ń mú ara gbóná, tí oúnjẹ kì í fi í wù wá jẹ. Iṣẹ́ wọn ń dé oríta ọpọlọ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ọkàn lè dàrú.

Ní 2021, Michela Matteoli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milan tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fún eku tó lóyún ní ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà, interleukin-6, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oríta tó ń ta ọpọlọ jí wá pọ̀ jù níbi ìrántí nínú ọpọlọ àwọn ọmọ tó bí. Eku ni o, kì í ṣe ènìyàn. Síbẹ̀, èmi kò ní í fi ibà aboyún ṣeré.

Aboyún kò gbọdọ̀ mu àgbo dóńgóyárò. Ó lè ba oyún jẹ́. Bí ibà bá mú un, tàbí tí ọkàn àgbàlagbà ṣàdédé dàrú, ẹ gbé e lọ sí Pronto Soccorso, tàbí kí ẹ pe 112. A ó dífá lẹ́yìn náà. Bí ilé lẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ tètè sọ ọ́. Láti 1970 ni wọ́n ti kéde pé ibà ẹ̀fọn tán ní Ítálì, dókítà lè máà rò ó. Ẹ má sì fi àgbo tí ẹ ti mu pamọ́. Ọgbà ewé ìṣègùn wà ní Padua láti 1545. Ewé kò ṣàjèjì sí wọn. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ mú un dání.