Àlejò Ọjọ́ Mẹ́ta: Ohun tí Ìrìn-àjò Kino Fi Ń Kọ́ Abiyamọ

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àlejò a máa ní ojú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìyàwó tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ agboolé ọkọ rẹ̀ lè jẹ́rìí sí i. Yóò máa wo ìṣe ilé náà lọ́tùn-ún lósì, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀ títí tí yóò fi pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ kò sí ohun tí àlejò máa ń rí tí onílé kì í rí? Ìyàwó tuntun yìí kan náà ni yóò kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí a fi gbé agbada sí abẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò láti ọdún mẹ́wàá. Àwọn tí a bí sínú ilé náà kò tilẹ̀ rí agbada ọ̀hún mọ́.

Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti wo eré àwòrán kan tí ó ti ilẹ̀ Jàpáànù wá. Kino no Tabi ni wọ́n ń pè é lédè wọn, èyí tí í ṣe Ìrìn-àjò Kino. Àbúrò mi ọkùnrin ni ó ń wò ó nínú pálọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ kan, tí èmi jókòó tí mo ń ṣa ẹ̀wà tí a ó sè lọ́jọ́ kejì. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé lásán ni, irú èyí tí àwọn ẹranko ti máa ń lé ara wọn kiri. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti dúró sórí àtẹ, n kò sì ṣa ẹ̀wà mọ́.

Ta ni Kino?

Òǹkọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Keiichi Sigsawa ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Kino jáde nínú ìwé ní ọdún 2000. Ní ọdún 2003, olùdarí eré kan, Ryutaro Nakamura, ẹni tí ó di olóògbé ní ọdún 2013, sọ ọ́ di eré àwòrán alápá 13. Ní ọdún 2017, àwọn mìíràn tún un ṣe ní apá 12, àwọn ìtàn kan sì wà nínú méjèèjì.

Kino jẹ́ ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò kan. Alùpùpù rẹ̀, tí ń jẹ́ Hermes, a máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń bá a rìn. Ìlú tí ó ní odi ni wọ́n máa ń dé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìlú wa àtijọ́ tí ó ní odi àti oníbodè. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ àti àṣà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àṣà wọ̀nyí sì jẹ́ ohun ìyanu. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Kino máa ń lò níbikíbi. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta tó láti mọ ìlú kan, àti pé bí òun bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun lè fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ìrìn-àjò òun yóò sì dópin.

Nínú èdè wa, "ó" kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, nítorí náà ènìyàn lè sọ ìtàn yìí gùn kí olùgbọ́ má mọ èwo ni Kino. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tí ó ṣe eré náà ṣe é. Irun Kino kúrú, ìmúra rẹ̀ dà bí ti ọkùnrin, ìbọn sì ń bẹ ní ìbàdí rẹ̀. Ìgbà tí a bá dé apá kẹrin ni a óò tó mọ̀ dájú pé ọmọbìnrin ni.

Ìlú tí kò ní àṣírí

Ìlú kan wà tí Kino dé tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò rí ènìyàn kan ní ìgboro. Olúkúlùkù ń dá gbé nínú ilé tirẹ̀, ilé wọn sì jìnnà síra. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó bá ọkùnrin kan pàdé, ọkùnrin náà sì ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà kan rí, àwọn onímọ̀ ìlú náà ṣe oògùn kan tí yóò jẹ́ kí ẹnìkan máa gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń rò lọ́kàn. Wọ́n ní àìgbọ́ra-ẹni-yé yóò tán láyé. Gbogbo ìlú sì mu ún.

Ọkùnrin yìí àti obìnrin tí ó fẹ́ràn yọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ẹnu kò lè sọ, ọkàn ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìbínú kékeré tí ì bá kọjá bí ìjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé etí ẹnìkejì. Èyí rò ó, tọ̀hún gbọ́ ọ. Tọ̀hún bínú, èyí gbọ́ ìbínú náà. Àwọn méjèèjì tú ká, ìlú náà sì tú ká pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé ọkọ fún ọdún mélòó kan, ẹ ti mọ ohun tí mò ń wí. Mélòó ni ohun tí ọkọ ń ṣe tí a fi ń rojú nínú, tí ó sì ti tán nílẹ̀ kí ọbẹ̀ tó hó? A máa ń ráhùn pé ọkọ wa kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa. Lẹ́yìn tí mo wo apá yìí, mo dúpẹ́ pé kò mọ gbogbo rẹ̀.

Ìlú àwọn àgbà

Apá kẹrin ni ó ká mi lára jùlọ. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ bí Kino ṣe di arìnrìn-àjò. A bí ọmọbìnrin kan sí ìlú kan. Orúkọ òdòdó ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a bá yí i díẹ̀, a di èébú, èyí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ ní ilé àlejò. Ní ìlú náà, bí ọmọ bá pé ọdún 12, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ kan fún un ní orí. Ọjọ́ náà ni ó di àgbà. Láti ìgbà náà lọ, yóò lè máa ṣe iṣẹ́ tí kò wù ú, tẹ̀rín-tẹ̀rín, títí ayé rẹ̀.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọmọ yìí pé ọdún 12, arìnrìn-àjò ọkùnrin kan dé sí ilé wọn. Kino ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó rí alùpùpù kan tí ó ti bàjẹ́, tí ó ń tún un ṣe. Ọmọ náà ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ràn orin kíkọ. Ìyẹn mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ní ọjọ́ kan, ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ bóyá kò sí bí òun ṣe lè di àgbà láìṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ìbéèrè ni o. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì lu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ̀ yí padà. Ìyá rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀. Lójú wọn, ohun ìní òbí ni ọmọ, bí ó bá sì bàjẹ́, òbí ní ẹ̀tọ́ láti pa á rẹ́. Bàbá náà yọ ọ̀bẹ. Arìnrìn-àjò náà bọ́ sí àárín wọn, ọ̀bẹ náà sì bà á, ó sì kú. Ọmọbìnrin náà gun alùpùpù, ó sá jáde ní ìlú. Orúkọ olóògbé náà ni ó mú, òun ni ó sì ń jẹ́ títí dòní.

Kò sí òbí tí ó ka ìwé ìròyìn yìí tí yóò yọ ọ̀bẹ sí ọmọ rẹ̀ nítorí ìbéèrè. Ṣùgbọ́n n kò lè purọ́: ẹ̀rù bà mí. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 11. Ó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Ẹ̀yìn gbogbo ìwé rẹ̀ kún fún un. Èmi ti pinnu láti ọjọ́ tí mo ti gbé e pọ̀n pé nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe. Nígbàkúùgbà tí ó bá fi àwòrán hàn mí, ohun tí mo máa ń wí ni pé, "Ó dára, lọ kàwé rẹ." Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo fi ń wí i.

Ìlú onínúure

Apá tí ó kẹ́yìn nínú eré ti ọdún 2003 dà bí ìdáhùn sí apá kẹrin. Kino dé ìlú kan tí òkìkí ti kàn pé wọn kì í ṣe àlejò dáadáa. Sí ìyanu rẹ̀, gbogbo ìlú ni ó jáde wá kí i. Ó dé sí ilé àlejò kan, ọmọbìnrin ilé náà, Sakura, ni ó sì ń mú un kiri ìlú. Orúkọ òdòdó ni ti ọmọ yìí náà. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ àwọn òbí rẹ̀. Ó fẹ́ láti máa ṣe é bí ó bá dàgbà. Ó dà bí ẹni pé Kino ń wo ara rẹ̀ ní ìgbà èwe, ṣùgbọ́n nínú ilé tí ìfẹ́ wà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Kino bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Wọ́n kọ̀.

Lẹ́yìn tí ó jáde, ó wo ẹ̀yìn láti orí òkè kan, ó sì rí i tí iná àti eérú láti inú òkè ńlá kan ya bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti yàn láti kú sí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì fẹ́ kí ẹnìkan rántí wọn sí rere. Nínú ẹrù tí wọ́n fún Kino, ó bá lẹ́tà ìyá Sakura. Ìyá náà ní àwọn rò ó láti fi ọmọ náà lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn kò lè fi í sílẹ̀. Ìwé kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí Sakura fúnra rẹ̀ kọ, èyí tí ó fi hàn pé òun náà mọ̀.

Mo sunkún. Àbúrò mi ní kò yẹ kí wọ́n dá ọmọ náà dúró. Èmi ní ìyá wo ni ó lè gbé ọmọ rẹ̀ fún àlejò ọjọ́ mẹ́ta? A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú jinlẹ̀, a kò sì rí ìdáhùn.

Kí ni ó mú kí ó wu ni?

Àpaàlọ́ wa máa ń sọ ẹ̀kọ́ inú àlọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá parí. Kino kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé, ó gun alùpùpù, ó lọ. Kì í bá ìlú wí, kì í tún ìlú ṣe. Àwa tí a ń wò ó ni yóò ṣe ìdájọ́, èyí ni ó sì ń mú kí eré náà máa bá ni gbé lẹ́yìn tí a ti pa tẹlifíṣọ̀n.

Ní apá kan, ó pàdé ọkùnrin tí ó ti ń nu ojú irin rélùwéè láti ọdún 50. Níwájú, ẹnìkejì ń tú ojú irin kan náà. Níwájú sí i, ẹnìkẹta ń tò ó padà. Olúkúlùkù ní ẹbí tí ó ń tìtorí wọn ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ìdí. Ní apá mìíràn, ìlú méjì tí ó ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ ti rí àlàáfíà: dípò kí wọ́n pa ara wọn, wọ́n ń díje ta ni yóò pa ènìyàn púpọ̀ jù nínú ẹ̀yà kẹta tí kò lágbára. Obìnrin tí ó ń fi àlàáfíà yìí yangàn jẹ́ abiyamọ tí ogun àtijọ́ ti pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ìrora rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ìdájọ́ rẹ̀ sì burú. Àwọn òǹkọ̀wé tí ó lè fi méjèèjì hàn pọ̀ nínú ẹnìkan ṣoṣo kò wọ́pọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó

Ẹ má ṣe fi eré yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké nítorí pé àwòrán ni. Ìbọn ń dún níbẹ̀, ènìyàn ń kú, ìbànújẹ́ ibẹ̀ sì wúwo. Ẹ wò ó nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Apá kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ, ìtàn púpọ̀ nínú wọn sì dá dúró, nítorí náà apá kan tó lálẹ́ kan. Bí ọkọ yín bá lè jókòó tì yín, á dára, nítorí ọ̀rọ̀ yóò wà láti sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú ohun tí èmi ṣe. Ẹ wo ilé yín fún ọjọ́ mẹ́ta bí ẹni pé àlejò ni yín. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ẹ kàn máa wò. Bí a ti ń dá ọmọ lóhùn, ohun tí a ń ṣe nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é, agbada tí a kò rí mọ́: ẹ ṣàkíyèsí wọn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo pe ọmọbìnrin mi, mo sì bi í léèrè iṣẹ́ tí ó wù ú láti ṣe. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀, màmá. Ẹ kò bi mí rí."

N kò tíì fi èrò nọ́ọ̀sì sílẹ̀ o. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, iṣẹ́ òbí sì ni láti tọ́ ọmọ sọ́nà. Ṣùgbọ́n mo ra ìwé ìyàwòrán fún un ní ọjà ọjọ́ náà, nígbà tí ó bá sì fi ohun tí ó yà hàn mí nísinsìnyí, mo máa ń jókòó kí n tó wò ó.